Apá Òsì Bàbá Mùfú

Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí n wá lò ní Ọ̀tà. Ọdún mẹ́rin ó lé ni mo lò. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyẹn, kó lọ bá ọmọ mi, Mùfútáù, òun ló mọ bí oṣù mẹ́ta ṣe ń di ọdún mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀, Rùkáyátù, ló bímọ. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń to bísíkíìtì sínú páálí sì fún un ní oṣù mẹ́ta kó fi jókòó ti ọmọ. Bí oṣù náà bá pé tí kò padà, àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tí oṣù rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Ìkirun, kí n bá wọn gbé ọmọ fún oṣù mẹ́ta kó tó lè wọ jélé-ó-sinmi. Ẹrù kékeré kan ni mo dì, torí mo mọ̀ pé mo ń padà bọ̀.

Ọkọ mi ò bá mi lọ. Ta ní í mú baba onílé lọ kó sínú yàrá ọmọ? Káfíńtà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ó ṣì ń fá pákó lójoojúmọ́. Kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó ní kí n máa lọ, pé òun kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fún lóúnjẹ. Mo sọ fún un pé bí mo bá ti dé báyìí, mi ò tún lọ ibì kankan mọ́, àwa méjèèjì la jọ máa gbó sínú ilé yẹn. Mo sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ mi má bàa bi mí pé kí ló ń dùn mí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé, kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn nígbà tí ogbó bá dé bá a.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ọ̀tà kì í ṣe ariwo. Tírélà tó ń kọjá tí ilẹ̀ ń mì, fèrè ilé-iṣẹ́ tó ń ké ní ìdájí, mo ti mọ̀ pé bí ìlú ńlá ṣe ń rí nìyẹn. Ìkíni ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí obìnrin tó wà ní yàrá kejì sí wa, mo ní ṣé dáadáa ló jí, àwọn ọmọ ńkọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá gbọ́ ìkíni tí kò dáhùn, wọ́n á ní ẹ lọ wo nǹkan tó ń lé e. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń sáré lọ bá, pé bí ọkọ̀ náà bá fi í sílẹ̀, ó ti pàdánù ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Èkejì ni èédú. Mo fọ ìlédìí ọmọ, ó funfun, mo sá a. Kí n tó kírun Àsùrì, àmì dúdú ti wà lára ẹ̀ bí ẹni pé eṣinṣin ló ṣu sí i. Mo tún un fọ̀. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ ìlédìí ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọwọ́ mi ni kò mọ́ aṣọ mọ́. Rùkáyátù dé látibi iṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin lẹ́yìn ọ̀nà yẹn ló ń ṣe é. Inú ilé la máa ń sá aṣọ sí." Látọjọ́ náà ni a ti ń sá aṣọ sínú yàrá tí èmi àti ọmọ ń sùn, gbogbo ìgbà ni ibẹ̀ tutù tó ń rùn.

Mùfú ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ṣe ti òru ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyàwó rẹ̀ ń jáde kílẹ̀ tó mọ́. Tí ọ̀kan bá dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, á jẹun, á sùn. Wọn ò hùwà àìdáa sí mi rárá, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń ra ẹran tó dáa jù fún mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ tí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo ní ó ti tó. Mo ti di ẹrù mi tán nígbà tí Rùkáyátù wá kúnlẹ̀ sí iwájú mi, ó ní òun tún ti lóyún.  Mo tú ẹrù. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti bí èkejì, mi ò fojú kan Ìkirun mọ́.

Àjò ò lè dùn kónílé má relé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí ahọ́n. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni bí ó ṣe máa ń rí tí àjò náà kò bá dùn tí kò sì korò. Wọn ò ṣẹ́ mi níṣẹ̀ẹ́, wọn ò lé mi, ebi ò pa mí. Mo kàn ń wò ó tí ọjọ́ ń lọ ni. Ní àdúgbò, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìkirun. Ṣé ẹ rí i, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè, wọ́n ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kì í ṣe ibí ni ilé ẹ.

Fóònù ni mo fi ń rí ọkọ mi. Kì í ṣe fóònù tó ń fi ojú èèyàn hàn, kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀, Mùfú fẹ́ ra ńlá fún un, ó ní kí ni òun fẹ́ fi í ṣe. Tí mo bá pè é, ó máa ń bi mí nípa àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà èmi á bi í pé ara rẹ̀ ńkọ́. Á ní, "Ara le. A dúpẹ́." Èmi náà á ní a dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn rẹ̀ sí èèyàn létí kí wọ́n tó kí ara wọn tán, pàápàá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn tí kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ìyá Ṣọlá ló mú mi lọ sí họ́ọ̀lù. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, òun ló kọ́kọ́ dáhùn ìkíni mi dáadáa ní gbogbo àdúgbò yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì ti ń lọ sí iléèwé, ó rí i tí mo máa ń jókòó sẹ́nu géètì láti ìgbà tí mo bá mú wọn débẹ̀ títí wọ́n á fi jáde. Ó ní ṣé èmi ni gáádì iléèwé ni. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá síbi táwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi ti ń ṣeré. Mo ní mi ò tíì darúgbó. Ó ní òun náà ò tíì darúgbó, òun kàn ń lọ wò wọ́n ni.

Họ́ọ̀lù àdúgbò ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé àwọn onílé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ṣí i fún àwọn àgbà ní ọjọ́ Àtàláátà àti Àlàmísì. Tí a bá dé, Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa. Lẹ́yìn náà la máa ń jókòó sórí àga, a ó máa na apá, a ó máa gbé orúnkún, a ó dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Tó bá yá, àwọn ọkùnrin á ta ayò, àwọn obìnrin á sọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ sísọ yẹn náà wà lára ìtọ́jú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọn tèmi, ó bi mí bí ara ṣe rí, mo ní ara le, a dúpẹ́. Ó ní, "Mà, níbí, a kì í dúpẹ́ kí a tó wò ó." Ẹ̀jẹ̀ mi ti ga. Mo rò ó pé obìnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìṣẹ́gun kékeré kan ní Ọ̀tà, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀, torí kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì pe olùkọ́ eré ìdárayá kan wá, ọkùnrin tó lè ní bí ọgbọ̀n ọdún, dáadáa ló kàwé. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún wa, ó dúró níwájú, ó ní ká dojú bolẹ̀ ká fi ọwọ́ méjèèjì ti ara sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọkùnrin wò ó. Bàbá Sàká, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, ká ọwọ́ gbera. Ó bèèrè pé ṣé ọmọ tí òun lè bí bàbá ẹ̀ lòun máa wá dọ̀bálẹ̀ fún ní gbangba, nítorí pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹnikẹ́ni ò tún lọ sórí ẹní mọ́. Olùkọ́ ń ṣàlàyé, kò mọ ohun tó ṣe. Ẹnì kan ní ká kọjú sí Kíbúlà, kó dà bíi sùjúdù, àwọn onígbàgbọ́ ní àwọn ò sí níbẹ̀.

Mo ní kí olùkọ́ máa bọ̀ lẹ́yìn. Kó lọ sí ẹ̀yìn wa pátápátá, kí òun náà dojú bolẹ̀ níbẹ̀, kí gbogbo wa kọjú sí ògiri. Mo sọ fún Bàbá Sàká pé ó ti wà lẹ́yìn yín báyìí, òun ló dọ̀bálẹ̀ fún yín, ògiri sì lẹ̀yin ń wò. Bàbá Sàká ronú sí i, ó bojú wẹ̀yìn kó lè rí i bóyá olùkọ́ ti wà nílẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bọ́ sórí ẹní, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Látìgbà yẹn ló ti sọ mí di igbákejì ara rẹ̀. Èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, èmi ni mò ń ka iye fún wọn tí wọ́n bá ń na apá, èmi sì ni mò ń kọ́ ẹni tuntun ní àmì mẹ́ta tí Nọ́ọ̀sì ní a ò gbọ́dọ̀ fojú fò dá. Ẹnu tó wọ́, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo wá ronú pé kí ló dé tí ọkọ mi ò ní jẹ nínú rẹ̀. Tí a bá kúrò ní họ́ọ̀lù, ó máa ń ku bíi wákàtí kan kí iléèwé tó jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lásìkò yẹn. Mo ní kó jókòó lórí àga, kó fi fóònù sórí tábìlì, kó na apá méjèèjì sókè bí mo bá ti ń kà. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn tí kò rí pákó fá ni wọ́n ń na apá lásán, pé ṣé wọ́n ti wá ń kọ́ obìnrin níṣẹ́ sójà ní Ọ̀tà ni. Nígbà tó yá, ó gbà. Mo máa ń gbọ́ tí àga rẹ̀ ń dún, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú iléèwé ní Ọ̀tà, mò ń ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ń yí. Kò kàn mí. Ní wákàtí yẹn, èmi àti ọkọ mi jọ wà nínú ilé wa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ní ìgbà òjò, ó wá ṣẹlẹ̀ tí kò gbé fóònù fún ọjọ́ mẹ́fà. Mùfú ní iná ni kò sí ní Ìkirun tí bàbá fi lè gba iná sí fóònù. Ọjọ́ keje, ó gbé e. Ohùn rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ ń dí mọ́ ọn lẹ́nu. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní obì ló wà lẹ́nu òun.

Obì. Mo sì gbà. Mo ní kó jẹ ẹ́ tán ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obì tún wà lẹ́nu rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń bá a jà pé ó ti ń jẹ obì jù, pé kò ní jẹ́ kó rí oorun sùn. Èmi tí mò ń kọ́ odidi họ́ọ̀lù ní ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu. Wọ́n lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò wádìí. Ìyàwó kì í sọ fún ọkọ pé kó ya ẹnu kí òun wò ó. Tí baba bá ti ní obì ni, obì náà ni. Tí mo bá ní kó na apá, àga á dún, èémí á gbóná, á ní òun ti ṣe é mẹ́wàá. Ọjọ́ tí mo ní kó dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan, ó ní ẹ̀ẹ̀méjìlá lòun ṣe é. Inú mi dùn dé góńgó. Àwa tí à ń lọ sí họ́ọ̀lù, mélòó ló lè ṣe é dé mẹ́wàá nínú wa?

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń kà fún un bẹ́ẹ̀.

Àwọn àga họ́ọ̀lù ń yẹ̀, wọ́n wá pe káfíńtà láti Àtàn kó wá kàn án. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Àwa ti jókòó, ẹni tuntun méjì wà láàárín wa, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sọ pé apá àwọn ò lọ sókè, pé ọkọ mi wà ní Ìkirun, ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, lórí fóònù lásán ni mo ti ń kọ́ ọ, ó sì ń dìde lẹ́ẹ̀méjìlá. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Káfíńtà yẹn fi òòlù sílẹ̀, ó ń wò mí. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo wò ó dáadáa, Ráṣíìdì ni, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ mi, tó gba ìdáǹdè lójú mi. Mo ti fẹ́ máa ṣàdúrà fún un nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, mà," ló wí. "Mo dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí mo lọ sílé lóṣù tó kọjá. Ọlọ́run á jẹ́ kí apá òsì yẹn padà bọ̀ sípò."

Àtẹ́wọ́ ti dákẹ́.  Ráṣíìdì wo ojú mi, ó rí i pé mi ò mọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu. Ó ní ara wọn ti ń yá, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí, ó ní bóyá òun ò tiẹ̀ wò ó dáadáa. Mo ní kó dìde. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó wo Nọ́ọ̀sì, ó wo ilẹ̀. Ó ní ìgbà òjò. Ìyá Ṣọlá fà mí jókòó. Mi ò sunkún níbẹ̀. Ìtìjú ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lára mi kí ìbànújẹ́ tó dé, ìtìjú pé gbogbo wọn gbọ́ ẹ̀ẹ̀méjìlá yẹn.

Mùfú wà nílé lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ òru ló ń lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo jí i lójú oorun. Mo ní kó sọ fún mi ohun tó ń ṣe bàbá rẹ̀. Kò parọ́ mọ́. Ó ní ìdájí ọjọ́ kan ni bàbá ṣubú nínú ilé, wọ́n gbé e lọ sọ́sìbítù, nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ti lọ. Gbogbo oṣù lòun ń fi owó oògùn ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá sọ tí wọ́n gbọ́ ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fún mi.

"Ìwọ wá gbà," ni mo wí.

"Mọ̀mọ́, tí ẹ bá lọ, Rùkáyá á fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Owó oògùn yẹn, inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń jáde." Ó da ojú bolẹ̀. "Mi ò mọ èyí tí mi ò bá ṣe."

Mo fẹ́ ṣépè. Ẹnu mi ò lè ṣẹ́ ẹ. Ọmọ tó ń sùn lọ́sàn-án kó lè ṣiṣẹ́ lóru, tó ń bọ́ ilé méjì, kí ni mo fẹ́ torí ẹ̀ fi í ré? Mo wọ yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi kúrò láàárín aṣọ àwọn ọmọ lórí okùn. Rùkáyátù dé, ó bá mi níbẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń bá mi ká a. Òun ló bá mi di ẹrù. Àwọn ọmọ bi mí pé ibo ni mò ń lọ, mo ní ilé. Èyí àbúrò ní ṣebí ilé nìyí.

Mo dé Ìkirun lọ́jọ́ kejì, oòrùn ṣì wà lókè. Ó jókòó sí ìloro, aṣọ rẹ̀ mọ́, wọ́n fá irun rẹ̀, apá òsì wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíì gbé síbẹ̀. Ó ti fọn. Ó rí mi, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo sun ẹkún tí mi ò sun láti àná.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń parọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba agbára lára rẹ̀.

"Tí mo bá sọ, ẹkún lo máa máa sun fún mi lórí fóònù," ló wí. "Mo fẹ́ràn kó o máa kà."

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mi àga kó lè dún.

 Mo jókòó síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ. Mo wá sọ fún un pé mo ti dé, mi ò lọ mọ́, ẹnikẹ́ni ò lè tún mú mi kúrò níbẹ̀. Ó mi orí pé ó dáa. Sìdíkátù jáde látinú ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ọ̀nà jíjìn ló dàgbà sí, kò gbé ọ̀dọ̀ wa rí, ọkọ tirẹ̀ ti kú, ó ti ń lọ sí ogójì ọdún, ọ̀dọ̀ wa ló kó wá láti ìgbà òjò yẹn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ẹ káàbọ̀, ó gbé omi fún mi. Inú ife tí mi ò mọ̀ ló bu omi náà sí. Ó ti tún ilé tò. Ìkòkò mi ò sí níbi tí mo fi wọ́n sí, bẹ́ẹ̀dì ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ní láti bi í níbo ni ìgbálẹ̀ wà. Kò sí ohun tó ṣe tí kò dáa. Gbogbo rẹ̀ ló dáa.

Àwọn ará àdúgbò ń wá kí mi. Ìyá Ọ̀tà ti dé, ni wọ́n ń wí. Mo ń dáhùn.

Mùfú ń pè. Ìyá Rùkáyátù ló wà lọ́dọ̀ wọn báyìí, àwọn ọmọ ń jẹun, ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Òun náà fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí Ọ̀fà kó tó wá. Mo bi Mùfú pé ta ló wà pẹ̀lú bàbá yẹn, ó ní ara bàbá le.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé yẹn, mo ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, mo ti wá kànrìnkàn, mo ti ká apá aṣọ mi sókè. Ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ́ wa nípa bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí apá kan rẹ̀ rọ, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi. Mo wá a lọ sí ìloro, mo na ọwọ́ sí i. Kò na tirẹ̀.

"Pe Sìdí," ló wí.

Mo ní èmi ni, Bàbá Mùfú, mo ti dé, èmi ni mo máa wẹ̀ yín. Kò wo ojú mi. Ó ní kí n má bínú. Mo bi í pé ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni, ṣé torí pé mo pẹ́ ni. Ó mi orí pé rárá.

"Sìdí ò mọ̀ mí nígbà tí mo lágbára," ló wí. "Ìwọ mọ̀ mí."

Sìdíkátù wá. Ó fi èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá òsì yẹn láìwò ó, ó sọ nǹkan kan sí i létí, ọkọ mi sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n wọ balùwẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ ìnura wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó ṣe, Sìdí na ọwọ́ síta, mo fi aṣọ ìnura lé e lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti dé. Èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn. Títí di òní, Sìdí ló ń wẹ̀ ẹ́.